Ṣíbí Wo, Ìgò Wo? Ìwọ̀n Omi Oníyọ̀ àti Ṣúgà fún Ọmọ Tó Ń Ṣu Gbuuru

  

Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n la fẹ́ sọ lónìí. Kì í ṣe ìwọ̀n ọjà o. Bí ẹni tó ń ta àgbàdo bá wọn tiyín tí kò kún, ẹ óò bá a jà, ẹ óò ní kó fi ènì sí i, ọ̀rọ̀ á sì tán. Owó ló sọ nù, ẹ ó tún rí òmíràn. Ìwọ̀n tí mo ń sọ ni ti ilé ìdáná, níbi tí ìyá ti ń po omi fún ọmọ tó ń ṣu gbuuru. Bí a bá ṣì í níbẹ̀, ara ọmọ ló máa jìyà rẹ̀.

Kí ẹ tó máa bá mi lọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá ohun mẹ́ta: ọ̀rá omi kan, irú èyí tí a ń pè ní píọ́ wọ́tà, ṣíbí kékeré tí ẹ fi ń po tíì tàbí kọfí, àti ife tí ọmọ yín fi ń mu omi. A máa lò wọ́n.

Ẹ jẹ́ ká fojú inú wo ilé kan ládùúgbò wa. Ọmọ ọdún kan ààbọ̀ ti ń ṣu omi láti ìgbà tí àkùkọ ti kọ. Ìyá rẹ̀ ti lọ ra àpò SRO, oògùn oníyẹ̀fun tí a ń pò mọ́ omi. Bó ṣe fẹ́ pò ó, ni ìyá ọkọ rẹ̀ bá ní:

“Ìyàwó mi, tú u sínú ọ̀rá omi kan ṣoṣo, kó lè múná dáadáa.”

“Ẹ má bínú o, ìyá wa. Ẹni tó tà á fún mi ní omi lítà kan ni.”

“Ṣé ọ̀rá omi kan kọ́ ni lítà kan ni? Ta ló tiẹ̀ mọ lítà nílé yìí?”

Aládùúgbò kan tó ti gbé Ìbàdàn pẹ́ gbọ́ wọn láti àgbàlá, ó sì dá sí i: “Ẹ kú àníyàn ọmọ o, màmá. Nígbà tí a wà ní Ìbàdàn, omi ìgò bíà kan la máa ń lò, iyọ̀ ṣíbí kan, ṣúgà ṣíbí mẹ́wàá. A ò ra àpò kankan.” Ẹlòmíràn tún gbé ìgò omi ńlá jáde, ó ní inú ìyẹn ni kí wọ́n tú àpò náà sí, kó má bàa tètè tán.

Ẹni mẹ́ta, ìwọ̀n mẹ́ta, ọmọ kan. Gbogbo wọn ló fẹ́ràn ọmọ náà. Ta ni ká gbà gbọ́? Ẹ fọkàn sí mi, a óò padà sọ́dọ̀ wọn.

Kí ló dé tí ìwọ̀n fi ṣe pàtàkì?

Ọmọ tó ń ṣu gbuuru, omi ara rẹ̀ ló ń dà nù, iyọ̀ ara sì ń bá omi náà lọ. Bí omi ara bá gbẹ jù, ìyẹn ló sábà máa ń pa ọmọ. Nítorí náà, ohun tó jáde lára rẹ̀ la fẹ́ dá padà. Omi lásán kò tó, torí kò ní iyọ̀ nínú. Iyọ̀ nìkan kò sì lè wọ ara dáadáa láti inú ìfun. Ṣúgà ló dà bí ẹni tó ń ṣílẹ̀kùn fún un: bí ṣúgà bá ń gba inú ìfun wọ ara, á mú iyọ̀ dání, omi á sì tẹ̀ lé wọn.

Ṣùgbọ́n àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ bá ara wọn mu. Bí ṣúgà bá pọ̀ jù, á fa omi láti inú ara bọ́ sínú ìfun, ìgbẹ́ á tún wá pọ̀ sí i. Bí iyọ̀ bá pọ̀ jù, ẹ̀jẹ̀ ọmọ á di oníyọ̀, òùngbẹ á máa gbẹ ẹ́, ara rẹ̀ ò ní balẹ̀, gìrì tilẹ̀ lè mú un. Bí omi bá sì pọ̀ jù, oògùn náà á fẹ́lẹ́, kò ní lè dá iyọ̀ tó sọ nù padà. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ “kó lè múná” kò sí nínú oògùn yìí? Kì í ṣe ata. Ìwọ̀n rẹ̀ gan-an ni agbára rẹ̀.

Lítà kan, báwo la ṣe ń mọ̀ ọ́n?

Ìyá ní ta ló mọ lítà nílé yìí. Lítà wà nílé gbogbo wa, a kì í kàn wo ara rẹ̀ ni. Ẹ gbé ọ̀rá omi yín, ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sí i. Lára ọ̀pọ̀ wọn, ẹ máa rí 50 cl tàbí 500 ml. Ọ̀kan náà ni méjèèjì. Bí a ṣe ń kà á nìyí:

Lítà kan jẹ́ 100 sẹ́ńtílítà, tí wọ́n ń kọ ní cl. Lítà kan náà jẹ́ 1000 mílílítà, tí wọ́n ń kọ ní ml. Nítorí náà, cl kan jẹ́ ml mẹ́wàá. Bí ẹ bá rí cl, ẹ fi òdo kan sí i nídìí, ó di ml: 50 cl di 500 ml, 33 cl di 330 ml, 65 cl di 650 ml.

Ó já sí pé ọ̀rá omi 50 cl kan, ààbọ̀ lítà ni. Ọ̀rá méjì ló ń jẹ́ lítà kan. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ fún ẹni tó ń gbọ́mọ pọ̀n lọ́wọ́: ọ̀rá omi 50 cl, méjì ni lítà kan. Ìgò omi ńlá tí wọ́n kọ 1,5 L sí, lítà kan àti ààbọ̀ ni. Omi ọ̀rá mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀. Ìgò bíà ńlá tí wọ́n kọ 65 cl sí kò tó lítà kan, ó ṣì ku 35 cl. Ìgò mínírà kékeré tí wọ́n kọ 33 cl sí, mẹ́ta rẹ̀ jẹ́ 99 cl, a lè pè é ní lítà kan.

Ẹ kíyè sí àmì tó wà láàárín 1,5 yẹn o. Àwọn tó ń kọ Faransé máa ń fi kọmá síbẹ̀. Àwọn tó ń kọ Gẹ̀ẹ́sì, bíi ti Gánà àti Nàìjíríà, máa ń fi àmì ìdánudúró: 1.5. Ọ̀kan náà ni wọ́n ń sọ. Kì í ṣe mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Ohun tí kò ní àkọlé ńkọ́? Igbá ìyá yín, agolo mílíìkì, ife onírin tó ti wà nílé kí ẹ tó wọlé ọkọ? Ẹ má sọ wọ́n nù. Ẹ mú ọ̀rá omi 50 cl méjì, ẹ tú méjèèjì sínú ike tàbí ìkòkò tí ẹ fẹ́ máa lò. Ibi tí omi náà dé, lítà kan nìyẹn. Ẹ fi ọ̀dà tàbí ìkunra èékánná fa ìlà síbẹ̀ lára ìta rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi agolo tàbí ife yín bu omi náà jáde, kí ẹ máa kà á. Bí ó bá jẹ́ ife márùn-ún ló bu lítà kan tán, a jẹ́ pé ife yín gba 200 ml. Bí ó bá jẹ́ mẹ́rin, ó gba 250 ml. Ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ máa ṣe é, ẹ óò sì mọ̀ ọ́n títí ayé. Bí ẹ bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní òṣùwọ̀n kílò: omi lítà kan wọn kílò kan, láìka ohun tí a fi gbé e.

Àpò SRO

Ẹ wo ara àpò náà kí ẹ tó já a. Èyí tó wọ́pọ̀ jù, tó tẹ̀ lé ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé àti UNICEF, ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 20,5, omi lítà kan ni wọ́n sì ṣe é fún. Ṣùgbọ́n àwọn àpò mìíràn wà tí wọ́n ṣe fún 500 ml, òmíràn fún 200 ml. Nítorí náà, ohun tí wọ́n kọ sí àpò tó wà lọ́wọ́ yín ni kí ẹ tẹ̀ lé, kì í ṣe ti èyí tí ẹ rà lọ́dún tó kọjá. Bí ojú yín ò bá rí ìwé kékeré, tàbí ẹ ò ka Faransé, ẹ bi ẹni tó ń tà á kí ẹ tó sanwó: “Lítà mélòó ni?” Kì í ṣe ìtìjú.

Bí àpò lítà kan bá bọ́ sínú ọ̀rá omi 50 cl kan, iyọ̀ àti ṣúgà inú rẹ̀ ti di ìlọ́po méjì. Bí àpò kan náà bá bọ́ sínú ìgò 1,5 L, ìdá méjì nínú mẹ́ta agbára rẹ̀ ló kù. Ẹ má sì pín àpò kan sí méjì, torí ohun tó wà nínú rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ, ẹ ò lè mọ èyí tó pọ̀ sí apá kan.

Bí ẹ ṣe máa pò ó nìyí. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́. Ẹ fọ ara ọ̀rá omi méjì náà. Ẹ tú omi wọn sínú ike mímọ́ tó ní ìdérí. Ẹ tú gbogbo àpò náà sí i, ẹ rò ó títí yóò fi yọ́. Ẹ má fi ṣúgà kún un, ẹ má fi mílíìkì tàbí mínírà sí i, ẹ má sì gbé e kaná. Bó bá ti di wákàtí 24, ẹ da èyí tó kù nù, ẹ po òmíràn.

Bó bá jẹ́ omi kànga tàbí omi odò lẹ ní, ẹ jẹ́ kó hó, kó sì tutù. Ìgbà tó bá tutù tán ni kí ẹ wọ̀n ọ́n, kì í ṣe kí ẹ tó gbé e kaná, torí díẹ̀ nínú rẹ̀ á ti bá ooru lọ.

Bí kò bá sí àpò nílé

Ó lè jẹ́ òru, ó lè jẹ́ oko. Ẹ lè fi ohun tó wà nílé ṣe é títí ẹ óò fi rí àpò. Omi mímọ́ lítà kan, ṣúgà ṣíbí kékeré mẹ́fà tó tẹ́jú, iyọ̀ ààbọ̀ ṣíbí kékeré tó tẹ́jú. Mẹ́fà àti ààbọ̀. Ẹ kọ́ ọmọ yín ńlá náà kó mọ̀ ọ́n.

Ṣíbí wo wá ni? Èyí tó gba 5 ml ni. Ẹ gbé ṣíbí tí mo ní kí ẹ wá. Ẹ mú ife kékeré tó máa ń wà lórí ìgò oògùn olómi ti ọmọdé, èyí tí wọ́n fa ìlà sí, tàbí sírínjì tuntun tí kò ní abẹ́rẹ́. Ẹ wọn omi 5 ml, ẹ rọra dà á sínú ṣíbí náà. Bó bá kún dé etí láìṣàn, ṣíbí yín dára. Bó bá ṣàn, ṣíbí yín kéré. Bó bá ṣì ku àyè ńlá, ó tóbi jù. Ṣíbí ìjẹun ńlá, èyí tí a fi ń jẹ ìrẹsì, wọ́n máa ń kà á sí 15 ml, ìyẹn ṣíbí kékeré mẹ́ta. Ẹni tó bá fi ààbọ̀ ṣíbí ńlá wọn iyọ̀, iyọ̀ ìlọ́po mẹ́ta ló fún ọmọ yẹn.

“Tó tẹ́jú” náà ní ìtumọ̀. Ẹ bu ṣúgà, ẹ fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ nu orí ṣíbí náà kó dọ́gba pẹ̀lú etí rẹ̀. Kò gbọdọ̀ ga bí òkìtì. Ti iyọ̀, ẹ kọ́kọ́ mú un tẹ́jú, kí ẹ fi ọ̀bẹ là á láàárín, kí ẹ ti ìdajì kan padà sínú ike iyọ̀.

Iyọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ fi sínú omi, kí ẹ tó fi ṣúgà. Ẹ tọ́ ọ wò. Bí iyọ̀ rẹ̀ bá ju ti omijé lọ, ẹ dà á nù, ẹ tún un ṣe. Bí ẹ bá ṣiyèméjì nínú kíkà yín, tí ẹ ò rántí bóyá ṣíbí karùn-ún ni àbí ìkẹfà, ẹ dà á nù náà. Omi àti ṣúgà ò wọ́n tó ọmọ.

Àpò ṣì dára ju èyí lọ o, torí ó ní potásíọ́mù, tí ìgbẹ́ gbuuru máa ń kó lọ lára, tí kò sì sí nínú iyọ̀ àti ṣúgà. Ẹ tọ́jú àpò méjì sílé kí àìsàn tó dé.

Ṣé irọ́ ni ará Ìbàdàn ń pa?

Rárá o. Òótọ́ ló sọ, ṣùgbọ́n ó gbàgbé nǹkan kan. Ní àwọn ọdún 1980 sí 1989, wọ́n kọ́ àwọn ìyá jákèjádò Nàìjíríà bí wọ́n ṣe ń ṣe omi oníyọ̀ àti ṣúgà nílé. Ohun tó wà nílé gbogbo ènìyàn ni wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n: omi ìgò bíà kan tàbí ìgò mínírà méjì, tó jẹ́ 600 ml; ṣúgà ṣíbí mẹ́wàá tàbí hóró ṣúgà márùn-ún; iyọ̀ ṣíbí kan. Ọgbọ́n ńlá ni. Ṣùgbọ́n ṣíbí tí wọ́n fi ṣírò rẹ̀, 3 ml ni, kì í ṣe 5 ml.

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Iyọ̀ 3 ml nínú omi 600 ml, bó bá jẹ́ lítà kan, ó máa jẹ́ iyọ̀ 5 ml. Bí ẹnì kan bá wá mú ìlànà yẹn, tó fi ṣíbí 5 ml ṣe é, ó ti kọjá 8 ml nínú lítà kan. Ìlànà tí mo sọ fún yín lẹ́ẹ̀kan, ààbọ̀ ṣíbí 5 ml, jẹ́ 2,5 ml nínú lítà kan. Ẹ ò rí i? Orúkọ kan náà, “ṣíbí kan”, “ìgò kan”, iyọ̀ ti ju ìlọ́po mẹ́ta lọ. Èèyàn ò purọ́, ṣíbí ló yí padà.

Ohun kan tún wà. Láyé ìgbà yẹn, iyọ̀ inú àpò SRO fúnra rẹ̀ pọ̀ ju ti ìsinsìnyí lọ. Gíráàmù 3,5 ni iyọ̀ tó wà níbẹ̀ fún lítà kan. Lọ́dún 2002, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti UNICEF dín in kù sí gíráàmù 2,6, wọ́n sì dín ṣúgà rẹ̀ kù, torí wọ́n rí i pé ọmọ máa ń ṣe dáadáa sí i pẹ̀lú èyí tó fẹ́lẹ́ díẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin màmá tí ẹ mọ ti àtijọ́, ẹ ṣeun, ẹ ti gba ọ̀pọ̀ ọmọ là. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba tuntun lọ́wọ́ wa: lítà kan, mẹ́fà àti ààbọ̀.

Kì í sì í ṣe àwa nìkan ni ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n ilé yìí dé bá. Ní orílẹ̀-èdè Bangladesh, láàárín ọdún 1980 sí 1990, ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ BRAC rán àwọn obìnrin láti ilé dé ilé, ó ju ilé mílíọ̀nù méjìlá lọ, láti kọ́ àwọn ìyá ní irú omi yìí. Wọn ò ní ṣíbí kan náà nílé gbogbo. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n lo ọwọ́: iyọ̀ tí ìka mẹ́ta lè ṣa, àti ṣúgà ìrèké tó kún ẹ̀kúnwọ́ kan. Omi rẹ̀ jẹ́ ààbọ̀ síà, òṣùwọ̀n ìbílẹ̀ wọn, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ààbọ̀ lítà. Ṣùgbọ́n wọn ò fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n máa ń padà lọ wò ó bóyá àwọn ìyá rántí, wọ́n sì ń gba díẹ̀ nínú omi tí wọ́n pò lọ fún àyẹ̀wò iyọ̀. Bí ìyá bá ṣe rántí tó ni owó olùkọ́ náà ṣe ń pọ̀ tó. Òṣùwọ̀n ìbílẹ̀ lè gba ọmọ là, bí a bá ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ìka tiwa ò dọ́gba pẹ̀lú ìka tiwọn, àwa ò sì ṣe irú àyẹ̀wò yẹn sí ìka wa, nítorí náà ẹ jẹ́ ká dúró ti ṣíbí wa.

Báwo ló ṣe yẹ kí ọmọ mu ún tó?

Ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì, ẹ fún un ní 50 sí 100 ml lẹ́yìn ìgbẹ́ olómi kọ̀ọ̀kan. Ọmọ ọdún méjì sókè, 100 sí 200 ml. Bí ife yín bá gba 200 ml, ìdá mẹ́rin rẹ̀ sí ààbọ̀ rẹ̀ ni ti ọmọ kékeré, ààbọ̀ sí ife kan ni ti èyí tó dàgbà. Ẹni tó ń fi ṣíbí 5 ml fún ọmọ, ogún ṣíbí ló ń jẹ́ 100 ml. Ẹ má dà á sí i lọ́fun lójijì. Ẹ fún un díẹ̀díẹ̀. Bó bá bì, ẹ dúró bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀, ṣíbí kan, ìsinmi díẹ̀, ṣíbí kan. Ẹ má dá ọmú dúró, ẹ má sì dá oúnjẹ dúró.

Bí ilé ìwòsàn bá fún yín ní síńkì, ẹ lò ó tán. Ọmọ oṣù mẹ́fà sókè máa ń lo 20 mg lójúmọ́, èyí tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà ń lo 10 mg, fún ọjọ́ 10 sí 14, kódà bí ìgbẹ́ bá ti dá.

ml kọ́ ni mg

Níwọ̀n ìgbà tí mo ti dárúkọ mg, ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un. ml ń sọ bí omi oògùn ti pọ̀ tó. mg ń sọ bí oògùn inú rẹ̀ ti wúwo tó. Paracetamol olómi kan lè ní 120 mg nínú 5 ml. Òmíràn, èyí tí wọ́n ń kán fún ọmọ jòjòló, lè ní 100 mg nínú 1 ml péré. Bí ẹ bá fún ọmọ ní 5 ml nínú èkejì yìí torí pé 5 ml lẹ máa ń fún un nínú àkọ́kọ́, 500 mg lẹ fún un. Ó ju ìlọ́po mẹ́rin lọ, ó sì lè ba ẹ̀dọ̀ rẹ̀ jẹ́. Àwọn oògùn mìíràn tún wà tí wọ́n kọ kílò ọmọ sí ara sírínjì wọn dípò ml. Sírínjì yẹn, ti oògùn tó bá a wá nìkan ni. Ẹ má fi wọn òmíràn.

Nígbà wo ni ká sáré lọ sílé ìwòsàn?

Bí ojú ọmọ bá jìn wọnú, bó bá ń sunkún tí omijé ò jáde, bí kò bá tọ̀ fún wákàtí púpọ̀, bí ẹ bá fi ìka méjì fa awọ ikùn rẹ̀ tí kò tètè padà, bó bá ń sùn ṣáá tàbí kò lè mu nǹkan, bó bá ń bi gbogbo ohun tó mu, bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, tàbí ìgbẹ́ náà dà bí omi ìrẹsì tó ń ya bí omi ẹ̀rọ. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, ẹ tètè gbé e lọ. Ẹ gbé omi SRO dání, kó máa mu ún lójú ọ̀nà, ì báà jẹ́ orí ọ̀kadà.

Ẹ jẹ́ ká padà sílé yẹn

Ọmọ ṣì wà lẹ́sẹ̀ ìyá rẹ̀. Àpò náà ṣì wà ní títì pa. Ìyàwó yí àpò náà padà, ó rí i: 1 litre. Ó mú ọ̀rá omi wá, ó fi han ìyá ọkọ rẹ̀.

“Ẹ wò ó, ìyá wa. 50 cl ni wọ́n kọ síbí. Ààbọ̀ lítà ni.”

Ìyá wò ó títí. “Ó dára. Lọ mú ọ̀rá kejì wá. Kí n gbé ọmọ yìí dání.”

Kò sí ẹni tó bá ẹnì kankan jà. Wọn ò bú ará Ìbàdàn, wọn ò ta ìgò ńlá nù. Wọ́n kàn wo ohun tí wọ́n kọ sára nǹkan.

Ẹ̀yin ará, kí ẹ tó sùn lálẹ́ òní, ẹ ṣe ohun mẹ́ta yìí fún mi. Ẹ wá ike kan, ẹ fa ìlà lítà kan sí i. Ẹ wá ṣíbí kan tó gba 5 ml, ẹ so òwú pupa mọ́ ọn, kó má bàa di ti ọbẹ̀. Ẹ wá ife ọmọ, ẹ mọ iye ml tó gbà. Kí ẹ sì kó wọn pa mọ́ sójú kan pẹ̀lú àpò SRO méjì, níbi tí ẹni tó bá jí lóru lè nawọ́ mú wọn láìtan iná.

Ọlọ́run á bá wa wo àwọn ọmọ wa. Ire o, ó dìgbóṣe.